Kí Ni Apá Ń Ṣe Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Èjìká?

Abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà àríwá Èkìtì kà sí òpin ìtọ́jú. Bí èjìká bá ti ń dun àgbẹ̀ Orin tàbí ìyá oníyán ní Ìkọ̀lé fún oṣù mélòó kan, tí wọ́n ti fi òrí àti àdí ra á títí, tí róòbù náà kò ràn án, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé kí ó lọ gba abẹ́rẹ́. Bí ìrora bá sì rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn lójú aláìsàn àti lójú àwọn ará ilé: àgbẹ̀ á padà sídìí ebè, ìyá á tún gbá ọmọ odó mú. Èmi gbà pé ibi tí a rò pé ìtọ́jú parí sí yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ èjìká tí ìdárayá tí físíò (onímọ̀ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé) kọ́ni kò tẹ̀ lé, òfò ni, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni òfò náà sì ń dùn jù.

Kì í ṣe gbogbo abẹ́rẹ́ ni mò ń sọ o. Èyí tí wọ́n ń gún sí ìdí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, ì báà jẹ́ diclofenac tàbí dexamethasone, gbogbo ara ni ó ń gbà káàkiri. Èyí tí mo ní lọ́kàn ni oògùn sítẹ́rọ́ìdì díẹ̀ tí dókítà tó mọ ọ̀nà rẹ̀ ń gún sínú oríkèé èjìká, tàbí sí àárín eegun òkè èjìká àti iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ibi tó wú tó sì ń gbóná rọlẹ̀. Ẹ wo ẹni tí èjìká rẹ̀ gan, àìsàn tó sábà máa ń mú àwọn tó wà láàárín ẹni 40 sí 60 ọdún, tó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn alátọ̀gbẹ. Awọ tó yí oríkèé ká ti wú, ó ti ki, ó sì ti súnkì, débi pé obìnrin kò lè wé gèlè, kò sì lè fa ọ̀já ọmọ yí ẹ̀yìn. Sítẹ́rọ́ìdì lè lé ìrora òru lọ fún un, ṣùgbọ́n kò lè na awọ tó ti súnkì. Bákan náà, kò lè sọ iṣan tí kò lágbára mọ́ di alágbára. Òjò àkọ́rọ̀ ni abẹ́rẹ́ náà: ó ń mú ilẹ̀ rọ̀, kì í báni gbin iṣu. Ìdárayá ni ó ń ṣe iṣẹ́ tó kù, àsìkò tí ìrora bá sì rọlẹ̀ ni ara lè gbà á.

Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní ọdún 2003, Carette àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 93 tí èjìká wọn gan. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì pẹ̀lú físíótẹ́rápì, àwọn kan gba ọ̀kan nínú méjèèjì, àwọn yòókù sì gba abẹ́rẹ́ omi iyọ̀ lásán. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ́ ní ìdárayá tí wọn yóò máa ṣe nílé. Apá àwọn tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fún ni ó tètè sàn jùlọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2020 kó ènìyàn 503 jọ láti ilé ìwòsàn 35. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ pẹ̀lú físíótẹ́rápì wé ọ̀nà méjì tó jẹ́ pé wọ́n ní láti kun aláìsàn lóorun ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí èyí tó fi ìlọsíwájú gidi ju èkejì lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, abẹ́rẹ́ pẹ̀lú físíótẹ́rápì ni owó rẹ̀ sì kéré jù. Ẹni tí ó bá ti fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ èjìká yẹ kí ó gbọ́ èyí kí ó tó tà á.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí nínú ìwádìí Kánádà yẹn kan náà, nígbà tí ọdún yí po, gbogbo wọn ti di ọgbọọgba? Òótọ́ ni. Ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, nínú ìwádìí 2010 lórí ènìyàn 232, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ mọ́ ìdárayá sàn ju àwọn tó ṣe ìdárayá nìkan lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejìlá kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Kí wá ni à ń náwó lé lórí? Ìdáhùn mi ni pé ọdún kan gùn lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹni tí kò lè gbé apá nígbà ebè kíkọ kò ní iṣu tí yóò wà nígbà ìkórè. Ẹni tí kò sì fojú kan oorun fún oṣù mẹ́ta kò ní gbà pé ìrora tó kúrú kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí àwọn ìwádìí yìí tún ń sọ fún wa ni pé abẹ́rẹ́ nìkan kò ní agbára tó pẹ́, nítorí náà ẹni tó ń padà lọ gún un léraléra ń lé ohun tí kò sí níbẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù lọ́dọ̀ wa ni ti ọ̀nà àti owó ọkọ̀. Ìdó ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 tó sì ti di ilé ìwòsàn olùkọ́ni báyìí. Ará Orin súnmọ́ ọn. Ará Ìkọ̀lé ní láti gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì kọjá kí ó tó débẹ̀, ta ni yóò sì máa ná owó yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Inú mi dùn pé ìdáhùn kan ti wà láti 2021. Ìwádìí GRASP, tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 708 tó ní ìṣòro iṣan èjìká, fi ìgbà kan ṣoṣo tí físíò jókòó ti aláìsàn, tó kọ́ ọ ní ìdárayá dáadáa, tó sì fún un ní ìwé tí yóò máa wò nílé, wé ìgbà tó tó mẹ́fà tí àwọn mìíràn lọ rí físíò. Àbájáde wọn kò yàtọ̀ láàárín ọdún kan. Kì í ṣe èjìká tó gan ni wọ́n wò níbẹ̀, ìyẹn lè béèrè ju ìgbà kan lọ. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ èjìká tí ebè àti odó ti dá lágara, ẹ̀ẹ̀kan tí a ṣe dáadáa lè tó, bí aláìsàn yóò bá máa ṣe é lójoojúmọ́ nílé.

Àwọn tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ náà kò jẹ̀bi. Ó lè gbé ṣúgà alátọ̀gbẹ sókè fún ọjọ́ mélòó kan. Ó lè mú kí àwọ̀ ojú ibẹ̀ funfun, èyí tó máa ń hàn gan-an lára adúláwọ̀. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè sọ iṣan di ahẹrẹpẹ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ, tí kò sì kọ́kọ́ yẹ èjìká náà wò, nítorí ìrora èjìká òsì tó bá bá àyà fífún wá lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn. Ìdí nìyí náà tí kò fi yẹ kí ẹni tó gbà á padà sídìí odó lọ́jọ́ kejì pé òun ti sàn.

Ohun tí mo ń béèrè kò ga jù. Kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Èkìtì ka abẹ́rẹ́ èjìká àti ìjókòó kan pẹ̀lú físíò sí owó kan ṣoṣo, tí a kì í san ọ̀kan láìgba èkejì. Kí físíò kan máa ti Adó tàbí Ìdó wá sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkọ̀lé àti Ọyẹ́ ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀. Kí wọ́n sì kọ ìdárayá náà sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, kí ìyá tí kò kàwé lè rí bí apá yóò ṣe gòkè.