Ẹ Jẹ́ Ká Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Fúnra Wa

Bí èèyàn bá ní òun ń lọ sí gáréèjì ní Èkó, ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ló ń lọ. Ojúẹlẹ́gba ni, tàbí Yábàá, tàbí Ìdí-Òrò, níbi tí àwọn agbèrò ti ń pariwo orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ máa lọ sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí onílé ń gbé ọkọ̀ sí, tó sì máa ń tú u wò lọ́jọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀ yàrá yẹn wà rí. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láwọn òpópónà àtijọ́ ní Sùúrùlérè yóò rí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ gáréèjì mọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ńlá, wọ́n fi gíláàsì dí i, wọ́n ń dirun níbẹ̀, wọ́n ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mi ò bá onílé jà, ẹni tí ebi ń pa ò lè fi yàrá pa ọkọ̀ mọ́. Àmọ́ nǹkan kan bá yàrá náà lọ tí a ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, ìyẹn ni adùn tó wà nínú kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe nínú ọgbà ilé rẹ̀. Lójú tèmi, adùn òye ni. Ẹni tó bá mọ inú ohun tó ń lò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn ń lò ó, ó sì yẹ ká wá àyè padà fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwọn bàbá wa nítorí irú ọkọ̀ tí wọ́n lò. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to Ìjàpá, ìyẹn ọkọ̀ Beetle, ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Ọdún kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ wo Ìjàpá dáadáa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀, kò sí omi tó lè gbẹ nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ti gbé ìdérí ẹ̀yìn sókè, kábúrẹ́tọ̀, bẹ́líìtì fáànù, wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó wọn. Sùpánà mélòó kan ti tó láti fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú rẹ̀. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni olùkọ́. Kò yani lẹ́nu pé Ìjàpá ni Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, mú nígbà tó fẹ́ ṣe ọkọ̀ tí yóò máa fi agbára oòrùn àti atẹ́gùn rìn, tí ìròyìn rẹ̀ sì kàn kárí ayé ní 2014. Nǹkan bí ọdún kan ló fi tú u, tó fi tún un tò. Ọkọ̀ tó ṣeé tú ni èèyàn lè dá àrà sí lára.

Ìjàpá ti kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, tòkunbọ̀ ló gba títì. Àjọ UNEP, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká fún Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, àlòkù ọkọ̀ kéékèèké mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ra ìtàn tí kò gbọ́. Ta ló lò ó ṣáájú? Ṣé ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, àbí ó lò ó gbẹ? Ṣé omi ìkún ti bò ó rí? Ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ náà kì í sábà bá a wọ inú ọkọ̀ ojú omi. A mọ orúkọ ìnagijẹ gbogbo wọn, Camry “Pencil Light”, Camry “Muscle”, Honda “End of Discussion”. A mọ orúkọ, a ò mọ inú. Ìdí rèé tí mo fi rò pé ọlọ́kọ̀ Múṣín òde òní nílò ìmọ̀ ju ẹni tó ra Ìjàpá tuntun ní Ọ̀jọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló jìnnà sí ẹ́ńjìnnì jù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ní owó ló yẹ ká fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, tí lítà epo tí ò tó 200 náírà l'Ékòó di 488 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí dọ́là kan sì kọjá 1,500 náírà nígbà tó di 2024, kò sí ohun tí wọ́n kó gba orí omi wá sí Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀, tí kò gbẹ́nu sókè. Síbẹ̀ mi ò ní fi owó ṣe òpó ọ̀rọ̀ mi, nítorí kò lè gbé e ró. Owó iṣẹ́ mọkálíìkì ló kéré jù nínú ohun tí ọkọ̀ ń náni. Páàtì ló ń jẹ owó. Ẹni tó bá rò pé òun máa là nítorí pé òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra òun, ìjákulẹ̀ ń dúró dè é. Ibi tí ìmọ̀ ti ń gba èèyàn lọ́wọ́ gbèsè ni ọ̀rọ̀ ìméfò. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bó bá dúró níbi iná Ojúẹlẹ́gba. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sù, ó sì lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì sítì tó ti jẹ. Mọkálíìkì tí ò ní sùúrù yóò ní kí wọ́n pààrọ̀ sítì. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní ká gbìyànjú nọ́ọ̀sù. Kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọlọ́kọ̀ lọ sí Ládípọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń dúnàá dúrà lórí Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù, àti tuntun, bẹ́ẹ̀ púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ló kú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró ti púlọ́ọ̀gì yìí díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni adùn tí mò ń wí yìí ti ṣeé fojú rí. Ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, nítorí álúmíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì òde òní, ojú ihò rẹ̀ kì í pẹ́ bó bá ṣì gbóná. Yóò yọ kọ́ìlì, yóò nu eruku ẹnu ihò kí yẹ̀pẹ̀ má bàa já sínú sílíńdà, yóò wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnnì, láti ẹyọ kìíní dé ìkẹrin. Ẹnu wọn ni yóò wá kà, bí babaláwo ṣe ń ka ojú ọpọ́n. Èyí tí ẹnu rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí, ara rẹ̀ le, epo àti atẹ́gùn ń pàdé dáadáa. Èyí tó dúdú tó gbẹ bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù níbẹ̀, tàbí kí iná púlọ́ọ̀gì má lágbára mọ́. Bó bá dúdú tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, rín-ìn-gì tàbí síìlì fáàfù ló yẹ kéèyàn máa bẹ̀rù. Èyí tó funfun bí ẹfun, ooru ń pa á, atẹ́gùn ti ju epo lọ. Bó bá wá jẹ́ pé mẹ́ta pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìkan dúdú, ọ̀rọ̀ ti yanjú dé ìdajì: inú sílíńdà kẹta ni àìsàn wà, kò sídìí láti fọwọ́ kan àwọn tó kù. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ sùúrù, orúkọ Sùúrùlérè fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí èrè sùúrù. Nígbà tó bá dá wọn padà, tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán yí wọn wọlé kí ó tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì dì wọ́n, tó sì wá tan ọkọ̀, tí ìgbọ̀nrìrì náà pòórá, ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń lọ geere yẹn dùn létí ju ohùn tí wọ́n fi owó rà lọ, nítorí pé ó mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ayé Ìjàpá ni mò ń sọ, pé kọ̀ǹpútà ti gba inú ọkọ̀, kò sóhun tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ lè fi ọwọ́ kàn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, àmọ́ ìdàkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òtítọ́. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní OBD-II, ihò kan lábẹ́ sítíárìn tí èèyàn lè ti bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn ní Yábàá ló gbé e wá láti ọ̀hún. Ẹ̀rọ kékeré tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n ń kì bọ ihò náà, lè fi Bluetooth gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí fóònù. Bí iná “check engine” bá ń tàn, tí fóònù sì kọ P0303, ohun tó ń wí ni pé sílíńdà kẹta kì í jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ: ohun kan náà tí púlọ́ọ̀gì dúdú yẹn sọ lórí ìwé ìròyìn. Kọ̀ǹpútà kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ó fún un létí kẹta. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni pé kóòdù kì í sọ ohun tó yẹ kí a rà. P0171 ń wí pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ń ti ibẹ̀ sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀, nígbà tó lè jẹ́ pé rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì ló ya. Ojú àti ìka ló ń rí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ ṣe pàtàkì débi pé ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ní 2012, àwọn aráàlú dìbò gbé òfin kan wọlé tó fi dandan lé e pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ má fi ìmọ̀ àtúnṣe pamọ́ fún ọlọ́kọ̀ àti mọkálíìkì rẹ̀. A ò tíì bèèrè irú rẹ̀ níbí, ó sì yẹ ká bèèrè.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù lójú mi ni pé èyí yóò já oúnjẹ gbà lẹ́nu mọkálíìkì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá dákẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ jíà kalẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ nítorí pé ó ti mọ púlọ́ọ̀gì. Tọ́ọ̀pù gáàsìkẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ rẹwáyà tó díjú, ti oníṣẹ́ ni yóò máa jẹ́. Ohun tó yí padà ni bí àwọn méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀. Oníbàárà tó lè wí pé “Ọ̀gá, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dúdú, mo ti gbé kọ́ìlì rẹ̀ sí orí ẹlẹ́ẹ̀kejì, àìsàn náà sì bá a lọ” ti dín wàhálà mọkálíìkì gidi kù, ó sì ti fi ọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ jà pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó di ìpẹtà fún wákàtí kan kò ní pe owó iṣẹ́ ẹlòmíràn ní ọ̀wọ́n mọ́. Ẹni tí irú oníbàárà yìí máa ń dẹ́rù bà ni onímàgòmágó.

Ó tún kan ọ̀wọ̀ tí a ní fún iṣẹ́ náà. Nínú fíìmù Kúnlé Afọláyan tí ń jẹ́ Mokalik, tó jáde ní 2019, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ sí ọgbà mọkálíìkì fún ọjọ́ kan kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó dára, àmọ́ ó dùn mí pé ó di ohun tí a ní láti fi mọ́tò gbé ọmọ lọ wò. Láti 2004 ni Sandra Aguebor ti dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ l'Ékòó, tó ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ tí àwọn kan ní kì í ṣe tiwọn. Síbẹ̀ a ṣì ń bá àwọn òbí tó ń fi “wàá di mọkálíìkì” dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ kàwé. Ilẹ̀ Yorùbá tó ń wárí fún Ògún kò yẹ kó máa fojú tín-ín-rín ẹni tí irin kun lọ́wọ́. Soichiro Honda, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀ tí a ń fi yangàn, ọmọ iṣẹ́ ni ní ilé àtúnṣe ọkọ̀ kan ní Tokyo nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. Ní 1946, ní Hamamatsu, ó kó ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó kù lọ́wọ́ àwọn ológun, ó ń so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́; ọdún méjì lẹ́yìn náà ló dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Látinú ìtúpalẹ̀ àti ìtòpadà ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Àyè ni olórí ìṣòro. Àwọn ilé kéékèèké tí LEDB, àjọ tó ń bójú tó ìdàgbàsókè ìlú Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní Sùúrùlérè ní 1955 fún àwọn tí wọ́n kó kúrò ní àárín gbùngbùn Èkó kò ní àyè ọkọ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. Ní Múṣín, ìdílé mẹ́wàá lè máa lo àgbàlá kan. Onílé tó bá ní wọn ò gbọ́dọ̀ da ọ́ìlì sí ọgbà òun jàre. Ọ́ìlì tó bá wọ gọ́tà yóò dé ọ̀sà, èyí tó bá rin ilẹ̀ yóò wá kànga rí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ńdẹ́ǹmù, ìyẹn ọ́ìlì tó ti kú, ní oníbàárà: àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù ń fi kun ìkòkò wọn kí símẹ́ńtì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, káfíńtà ń fi kun pákó òrùlé nítorí ikán. Kẹ́ẹ̀gì kan àti abọ́ fífẹ̀ ti tó láti gbà á. Ti ewu, òtítọ́ ni, ó sì ń pa èèyàn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, láìsí ìdúró irin lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣí rédíétọ̀ tó ń hó.

Ẹni tí kò wá ní ọgbà rárá ńkọ́? Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, wà láàárín wa, àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn sì wà lórí Mainland. Mo ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya àgbàlá kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún aráàlú: ilẹ̀ tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́, ìdúró irin mélòó kan, tábìlì, dúrọ́ọ̀mù fún ọ́ìlì tó ti kú, olùkọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Kí ẹni tó bá wá san owó díẹ̀, kí ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, kí wọ́n sì dúró tì í títí yóò fi tẹ́ ìwé ìròyìn, tí yóò fi to púlọ́ọ̀gì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí rẹ̀.