Nígbà tí Òòyì bá Kọ́ Ọmọ Tí Ń Bàlágà

Ní Araromi-Obu, ní agbègbè Odígbó, níbi tí oko rọ́bà àti oko kòkó gbé wà, àwọn tí ń gba oje igi rọ́bà kì í dúró de ojúmọ́ lórí ibùsùn. Kí oòrùn tó mú ni oje náà ń ṣàn dáradára. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ti bá òbí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ oko ní ìdájí, tí ó sáré wẹ̀, tí ó rin ọ̀nà jíjìn láìjẹ láìmu, tí ó sì dúró pẹ́ nínú oòrùn lórí ìlà àdúrà òwúrọ̀, lè ṣubú lulẹ̀ lójijì. Òógùn á bò ó, ojú rẹ̀ á yí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì figbe ta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnìkan á ti sọ pé àbíkú ni. Ẹlòmíràn á ní ayé ni ó ń ṣe é. Ẹnì kẹta á ní ọ̀lẹ ni, ó ń díbọ́n ni. Ẹni tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò béèrè pé, “Kí ni ọmọ yìí jẹ ní òwúrọ̀?”

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìdájọ́. Dídákú kì í ṣe ohun àjèjì láàrin àwọn ọmọ tí ń bàlágà. Ìṣírò àwọn oníṣègùn fi hàn pé bí ọmọ 15 nínú 100 ni ó ń dákú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó di àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní àrùn kankan nínú ọkàn tàbí nínú ọpọlọ. Nígbà tí ènìyàn bá dúró pẹ́ nínú ooru, ẹ̀jẹ̀ a máa rọ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí omi ara rẹ̀ bá ti dínkù, tàbí bí ìbẹ̀rù tàbí ìrora bá dé bá a lójijì, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dẹ̀, kí ìlù ọkàn rẹ̀ sì falẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ń gòkè lọ sí ọpọlọ á dínkù fún ìgbà díẹ̀. Ojú á ṣú, etí á máa hó, òòyì á kọ́ ọ, yóò sì ṣubú. Ìṣubú náà gan-an ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ padà sí orí, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń jí kí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tó kọjá.

Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé àṣìṣe ni láti sáré gbé ẹni tí ó dákú nàró, àti láti da omi sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Ohun tí a bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ. Kí a tẹ́ ẹ gbalaja sí ibi tí ibòji wà, kí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ju àyà rẹ̀ lọ, kí a tú aṣọ ọrùn rẹ̀, kí èrò sì fà sẹ́yìn. Bí ó bá ń bì, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Nígbà tí ó bá jí, kí ó jókòó díẹ̀ kí ó tó dìde. Lẹ́yìn náà kí ó mu omi, kí ó sì jẹun. Ọmọ tí ó bá sì ti mọ̀ pé òòyì ń bọ̀, kí ó tètè jókòó tàbí kí ó dùbúlẹ̀, kí ojú má tì í.

Lẹ́yìn èyí ni kí àwọn àgbà ilé jókòó wádìí. Ọmọ náà ha sùn tó bí? Ibà ha ń ṣe é bí? Bí ọmọbìnrin bá ti ń ṣe nǹkan oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè máà tó mọ́. Yóò máa rẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò sì funfun. Ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rin ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń yàgbẹ́ sí lè kó aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Ṣálángá àti bàtà ni ìdènà rẹ̀. Oògùn aràn láti ilé ìwòsàn ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹran a máa ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Gààrí nìkan kò lè ṣe é. Kí a má sì gbàgbé pé bí ènìyàn 1 nínú 4 ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Bí irú ènìyàn méjì bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ra, ọmọ wọn lè jẹ́ SS, èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Púpọ̀ nínú àwọn tí àwọn baba pè ní àbíkú lè jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ òtítọ́, kì í ṣe ilà tí a bá kọ sí ọmọ lára.

Ohun kan burú ju àìmọ̀ lọ, èyí ni ìwòsàn tí ń pani. Ní ilé Yorùbá púpọ̀, bí gìrì bá mú ọmọdé, a máa ń fún un ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn yẹ àgbo yìí wò, wọ́n sì rí i pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ gidigidi, ó sì lè dá èémí dúró. Àwọn ọmọ kan kú. Àwọn mìíràn yè, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn ti bàjẹ́. Àwọn kan a sì máa ti ẹsẹ̀ onígìrì tàbí oníwárápá bọ iná kí ó bàa lè jí. Ẹni bẹ́ẹ̀ á jí tán, ṣùgbọ́n á jí pẹ̀lú egbò tí yóò bá a dàgbà.

Àwọn onígbàgbọ́ pẹ̀lú ní ohun tí wọ́n níláti tún ṣe. Bí ọmọbìnrin bá dákú ní ìsìn àṣemọ́jú, àwọn mìíràn a pàṣẹ pé kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni a sì fi ebi kún ebi. Nígbà tí Jésù gbé ọmọbìnrin Jáírù dìde, ẹni ọdún 12, àṣẹ tí ó pa ni pé kí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìgbàgbọ́ Rẹ̀ kò tó. Kí àdúrà àti oúnjẹ máa rìn pọ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí a fi jáfara. Ọmọ tí ó dákú nígbà tí ó ń sáré tàbí nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì kí ó tó ṣubú. Ẹni tí ìbátan rẹ̀ kú lójijì ní èwe. Ẹni tí ó fi orí gbá ilẹ̀. Ẹni tí kò tètè jí. Ọmọbìnrin tí oṣù rẹ̀ kò wá, tí inú sì ń run ún: gbogbo wọn ni kí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí gìrì mú fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí tí ara rẹ̀ gbọ̀n ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Wárápá kì í ranni, itọ́ ẹnu kò lè kó o. Oògùn wà tí ń dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ń lò ó déédéé.

Òótọ́ ni pé owó ọkọ̀ láti oko dé Òrè lè wọ́n ọlọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n owó tí a ń ná lórí ètùtù àti àgbo kì í sábà kéré jù ú lọ, ọmọ tí a yọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí òòyì sì ti pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ìyá rí i pé ọmọ kò jáde nílé láìjẹun. Kí baba má ṣe fi iṣẹ́ oko gba oorun rẹ̀. Kí olùkọ́ gé ìlà òwúrọ̀ kúrú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí omi mímu sì wà ní àrọ́wọ́tó. Bí ọmọ bá tún ṣubú lẹ́yìn gbogbo èyí, kí a tẹ́ ẹ, kí a bi í léèrè, kí a sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.