Ìka tí ẹ̀rọ kò rí kà

Ní ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé nọ́ńbà BVN kalẹ̀, tí wọ́n ń gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti fọ́tò ẹni sílẹ̀ kí olè má baà ráyè dé ìdí owó wa. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ àwọn ìyá wa tó ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń yan gàrí ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ ti jẹ ilà ìka ọ̀pọ̀ wọn tán. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ wọ́n, tí wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀ títí ó fi sú wọn, inú àkáǹtì ẹlòmíràn ni owó gàrí wọn yóò máa gbà. Ààbò wo ló kù níbẹ̀?

Kì í ṣe tálákà nìkan o. Nínú ìbò 2015, ẹ̀rọ INEC kò dá ìka Ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, mọ̀ ní Otuoke! INEC kọ́gbọ́n: ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n gbé jáde ní 2021 máa ń wo ojú bí ìka bá kọ̀. Lójú tèmi, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ka, kò yẹ kí wọ́n dá àgbàlagbà padà sílé láìwo ojú rẹ̀.