Ẹ Jẹ́ Kí Ó Ríran, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Ṣí Gbogbo Ilé Sílẹ̀ Fún Un

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kan mu tí ó ń fa àríyànjiyàn láàrin àwọn tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní géèmù. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí olùrànlọ́wọ́ tí ó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí ayé ń pè ní AI, máa ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́?

Àwọn olùṣe eré ní ètò kọ̀ǹpútà tí ó dà bí ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń to ilé, igi, ènìyàn àti ìmọ́lẹ̀ inú eré. Unreal Engine ti wà láti ọdún 1998. Unity dé ní ọdún 2005. Godot, tí Juan Linietsky àti Ariel Manzur dá sílẹ̀ ní Argentina, di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2014. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà kan jáde tí a ń pè ní Model Context Protocol. Ìlànà yìí ni àwọn kan fi so AI mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ó fi lè na ọwọ́ wọ inú ìsọ̀ náà kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ láìsí ojú kò tó. AI a kọ kóòdù, kọ̀ǹpútà kò ní rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, AI a sì wí pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí oníṣẹ́ bá ṣí eré náà wò, akọni inú eré ti rì sínú ilẹ̀ dé ìbàdí, tàbí kí bọ́tìnì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ti fara pamọ́ sẹ́yìn àwòrán ìkúùkù. Oníṣẹ́ yóò wá di ìránṣẹ́ fún olùrànlọ́wọ́ rẹ̀: òun ni yóò ya àwòrán, òun ni yóò gbé e lọ fún un, òun náà ni yóò ṣàlàyé ohun tí ó bàjẹ́.

Àwọn kan ń wí pé AI kò nílò àwòrán, pé àkọsílẹ̀ inú ètò náà ti tó fún un. Òótọ́ ni pé àkọsílẹ̀ lè sọ ibi tí ilé wà. Kì í sábà sọ pé òjìji igi ti bo ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó dára ni kí AI lè ríran. Ibi tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ mọ ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Àwòrán tí AI bá yà kì í sábà dúró sínú kọ̀ǹpútà onílé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbà lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ni AI náà. Bí ó bá ya gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ó lè kó lẹ́tà ìkọ̀kọ̀, ìwé báńkì àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé pọ̀ mọ́ eré. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Microsoft kéde Recall, tí yóò máa ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síra wọn. Àwọn ènìyàn figbe ta. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti sún ọjọ́ ìgbéjáde rẹ̀ síwájú, ó sì ti ṣèlérí pé kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí oníkọ̀ǹpútà bá fúnra rẹ̀ tan án.

Eré tí kò tíì parí pẹ̀lú kì í ṣe ohun àfihàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn fídíò bí 90 nínú iṣẹ́ Grand Theft Auto tí Rockstar Games ń ṣe lọ́wọ́ bọ́ sí ìta lẹ́yìn tí afọ́lé orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tọ̀ wọ́n. AI kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí àwòrán iṣẹ́ àìparí ti níye lórí tó. Ọmọ Yorùbá tí ó jókòó sí Kaduna tàbí Jos, tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣe eré, lè ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò pa àṣírí iṣẹ́ mọ́. Àwòrán kan ṣoṣo tí ó bá ṣìnà lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí èyí, ojú fèrèsé eré nìkan ni ó yẹ kí AI máa yà, kì í ṣe gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Kí ó gba àṣẹ kí ó tó yà á, kí oníṣẹ́ sì lè rí gbogbo àwòrán tí ó ti lọ. Kí oníṣẹ́ ṣọ́ra fún àwòrán tí ó ti ọwọ́ àjèjì wá, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọ̀tá kọ sínú rẹ̀ lè dà bí àṣẹ lójú AI. Kí ó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta eré náà wò, nítorí àwòrán tí ó dúró sójú kan kò lè sọ bóyá eré dùn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bi í léèrè lónìí: kí ni ẹ̀rọ náà ń rí, ta ni ó sì fún un láṣẹ?