Àìsàn Ẹ̀dọ̀fóró: Òru Ni Ó Yẹ Kí A Máa Ṣọ́

Kò sí ohun tí ó ń tu ọmọ ènìyàn lára tó oorun. Àgbẹ̀ tí ó ti fi ọjọ́ gbogbo bá ilẹ̀ jà, olùkọ́ tí ó ti dúró níwájú àwọn ọmọdé láti òwúrọ̀, ọlọ́jà tí ó ti polówó títí ohùn fi há, gbogbo wọn ni ó ń fojú sọ́nà fún ìgbà tí orí yóò kan ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí ìgbà ìsinmi yìí jẹ́ ìgbà làálàá fún. Àwọn náà ni àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti ń bá fínra fún ọdún púpọ̀. Ní ọ̀sán, wọ́n lè jókòó kí wọ́n máa bá ni sọ̀rọ̀, kí dókítà sì wí pé ara ti ń mókun. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí oorun sì gbé wọn lọ, ìgbà náà gan-an ni èémí wọn ń kúrú sí i. Èrò tiwa ni pé ètò ìlera wa ń tọ́jú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní ọ̀sán, ó sì ń fi wọ́n sílẹ̀ fún ara wọn ní òru. Ó tó àkókò kí a tún un ṣe.

Àìsàn tí à ń wí yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní COPD, kì í ṣe ikọ́ ọjọ́ méjì. Ó ń sọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró di tóóró, ó sì ń ba àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ jẹ́. Èyí tí ó bá ti bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ó pa ènìyàn mílíọ̀nù 3.5 ní ọdún 2021, tí ó fi jẹ́ ìkẹrin nínú àwọn ohun tí ó ń pa ènìyàn jù lọ ní ayé. Sìgá ni olórí ohun tí ń fà á ní ilẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, èéfín ìdáná inú ilé náà kó ipa tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àrùn òyìnbó ni. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn oníṣègùn fi ẹ̀rọ wọn èémí àwọn àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 40 ọdún sókè. Gẹ́gẹ́ bí èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, ọ̀nà èémí nǹkan bí 8 nínú 100 wọn ni ó ti há. Ṣùgbọ́n àwọn tí dókítà ti sọ fún rí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe wọ́n kò tó 1 nínú 100. Ó sì hàn pé ewu náà pọ̀ gidigidi fún ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ṣe rí. Bí a kò bá mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣàìsàn ní ọ̀sán, báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ní òru?

Kí ni ó dé tí òru fi burú jù? Nígbà tí a bá lajú sílẹ̀, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dá a máa fi iṣan ọrùn, ti èjìká àti ti egungun ìhà ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ láti fa afẹ́fẹ́. Bí oorun bá wọra, pàápàá jù lọ oorun tí a fi ń lá àlá, àwọn iṣan wọ̀nyí a dẹ̀. Iṣan ńlá kan ṣoṣo tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn ni a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún. Ó sì ṣe ni láàánú pé ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ há sí ti tẹ iṣan náà pẹlẹbẹ, agbára rẹ̀ sì ti dín kù. Ọpọlọ tí ń pàṣẹ pé kí a mí, òun náà a rọ àṣẹ rẹ̀ nínú oorun. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní púpọ̀ nípamọ́, kì í mọ ìdínkù náà lára. Aláìsàn kò ní nǹkan kan nípamọ́. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ó yẹ kí ó mí síta a sì máa kó jọ sínú ara. Bí èyí bá ń rí bẹ́ẹ̀ lóru dóru, apá ọ̀tún ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀, ẹsẹ̀ a sì máa wú. Nítorí èyí ni ẹlòmíràn ṣe ń jí pẹ̀lú orí fífọ́ àti ọkàn tí kò pa pọ̀, tí àwọn ará ilé ń wí pé ibà ni, tàbí pé ayé ni ó ń bá a jà lójú oorun.

Ewu náà di ìlọ́po méjì fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tún ń pa dé nígbà tí ó bá ń sùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa han oorun kíkankíkan, èémí rẹ̀ a dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà a ta gìrì. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Flenley ti ìlú Edinburgh ni ó fún ìpàdé àìsàn méjèèjì yìí ní orúkọ ní ọdún 1985. Ẹ̀rọ kan wà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú wọ ọ̀fun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìwádìí tí ó jáde láti ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 2010 fi hàn pé ikú àti gbígbé lọ sí ilé ìwòsàn dín kù láàárín àwọn tí ó ní àìsàn méjèèjì tí wọ́n sì ń lo ẹ̀rọ náà, ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀rín ni a fi ń rín ẹni tí ó ń han oorun.

Ọ́síjìn ńkọ́? Ní Bìrìtéènì, èsì ìwádìí kan jáde ní ọdún 1981 lórí aláìsàn 87 tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ní ọ̀sán pàápàá. Nínú 42 tí a fún ní ọ́síjìn fún wákàtí 15 lójúmọ́, òru sì wà nínú rẹ̀, 19 ni ó kú láàárín ọdún márùn-ún. Nínú 45 tí a kò fún, 30 ni ó kú. Ẹ̀mí ni nọ́ńbà wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2020, lórí àwọn tí ọ́síjìn wọn ń lọ sílẹ̀ ní òru nìkan, kò rí iye ènìyàn tí ó fẹ́ kó jọ, kò sì lè fi ìyàtọ̀ kan gbòógì hàn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ́síjìn kì í ṣe omi tí a ń bù fún olúkúlùkù. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú kí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí kó jọ sí i nínú ara. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Wíwọ̀n ọ́n kò ṣòro. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka, tí Takuo Aoyagi ará Japan bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, lè wà lọ́wọ́ aláìsàn títí di òwúrọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ń wí pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá wí pé kò séwu, tí ojú aláìsàn sì ń wí pé ewu ń bẹ, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ni kí dókítà yẹ̀ wò.

Ìjọba kò lè wí pé òun kò gbọ́. Ní ọdún 2017, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ láti mú ọ́síjìn pọ̀ sí i ní àwọn ilé ìwòsàn. Ní ọdún 2022, òfin sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2023, àpérò Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu lórí ọ́síjìn. Ìwé kò wọ́n wa. Iṣẹ́ ni ó kù. A ń fẹ́ kí ó kéré tán ilé ìwòsàn ńlá kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò lè ṣọ́ èémí aláìsàn lójú oorun. A ń fẹ́ kí a máa wọn èémí gbogbo ẹni tí ó bá parí ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ. A ń fẹ́ kí adójútòfò san owó ẹ̀rọ òru, kí a sì ronú iná tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2024, iná mànàmáná gbogbogbò dá kú káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí kò lè dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ bi àwọn tí ń tọrọ ìbò yín léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí èyí.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Kí ẹni tí ń mu sìgá jáwọ́. Kí a má ṣe dáná igi nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, kí a má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀bá ibi tí ènìyàn ń sùn sí. Kí aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró má ṣe mu ọtí lálẹ́, kí ó má sì lo oògùn oorun láìgba àṣẹ dókítà, nítorí pé méjèèjì ń rọ àṣẹ mímí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti mọ àmì rẹ̀ lára àwọn òbí wọn àgbà: orí fífọ́ ní òwúrọ̀, títòògbé ní ọ̀sán, ẹsẹ̀ wíwú, èémí tí ń dá dúró lójú oorun. Dókítà kì í sùn nínú yàrá aláìsàn. Ará ilé ni ó ń rí i, òun ni yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Òru kò sì mọ ẹni ọ̀wọ̀: ó ń bọ̀ wá bá olówó àti tálákà, baba ìjọba àti baba aláàárù. Ohun tí a ń béèrè kò ju pé kí ẹni tí ó bá sùn lálẹ́ lè mí dé òwúrọ̀.