Ta ni agbẹjọ́rò ẹranko tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí?

Ọ̀pọ̀ oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń lò lónìí, ara eku, ehoro, ọ̀bọ tàbí màlúù ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò kó tó dé ara èèyàn. A kò lòdì sí i. Ohun tí a fẹ́ ni kí òfin wà tí yóò dáàbò bo ẹranko náà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Làìbéríà. Láti ọdún 1974 ni New York Blood Center ti Amẹ́ríkà ti ń fi ìnàkí ṣe ìwádìí àrùn ẹ̀dọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n kó àwọn ìnàkí náà, tó lé ní 60, sí erékùṣù inú odò, níbi tí wọn kò ti lè dá oúnjẹ wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, wọ́n dá owó oúnjẹ wọn dúró. Àwọn ọmọ Làìbéríà tó ń tọ́jú wọn ni kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n, kí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú tó dá sí i. Ó di ọdún 2017 kí ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti san mílíọ̀nù 6 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Parakou. Yunifásítì wà níbí, ọgbà ẹran ìjọba sì wà ní Okpara, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí màlúù Borgou tiwa. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni à ń béèrè.

Àkọ́kọ́, kí ìgbìmọ̀ máa yẹ iṣẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti ọdún 1959 ni Russell àti Burch ti là á sílẹ̀: bí ọ̀nà mìíràn bá wà, ẹ fi ẹranko sílẹ̀, bí díẹ̀ bá tó, ẹ má lo púpọ̀, ẹ dín ìrora rẹ̀ kù.

Èkejì, bí olùwádìí bá wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹran ní abúlé, kó ṣàlàyé fún ẹni tó ni ín ní èdè tó gbọ́, ìbáà ṣe Bàrùbá, Fúlàní tàbí Yorùbá. Bí ẹran bá kú, kó san owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹran tó gba oògùn má dé ọjà Arzèkè títí iye ọjọ́ tí dókítà ẹranko dá yóò fi pé. Àwa àti ọmọ wa la ó jẹ ẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kí ìjọba àti yunifásítì gbé òfin náà jáde, kí wọ́n sì kà á sétí gbogbo wa.