Àwo tí kò síbi tá a ti lè rà á mọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ayé àwo orin ti lọ, bẹ́ẹ̀ ọjà rẹ̀ tún ti ń hó. Lọ́dún 2022, àwo tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 41, sídíì sì jẹ́ mílíọ̀nù 33. Láti ọdún 1987, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iye àwo máa ta iye sídíì yọ. Níbi tí ọjà bá ti ń hó, irinṣẹ́ tuntun kì í pẹ́ dé. Ọ̀kan nínú wọn ni máíkírósíkóòpù tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, táwọn olólùfẹ́ àwo fi ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe dúró nínú poro àwo.

Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu dáyámọ́ǹdì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Shibata, máa ń lu àwo dáadáa bí ẹnu náà bá dúró ní nǹkan bí dígíríì 92 sí ojú àwo, kó lè sún mọ́ bí ọ̀bẹ tó gé poro ṣe dúró. Poro ọ̀hún ò sì fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún mílímítà lọ. A ó pa ẹ̀rọ, a ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo tí kò yí, a ó gbé máíkírósíkóòpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó dọ́gba pẹ̀lú ojú àwo, a ó ya fọ́tò, a ó sì fa ìlà lé e lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó gbé ìdí apá ẹ̀rọ sókè tàbí ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lórí apá tó gùn ní íǹṣì 9, ó tó mílímítà 4 kí dígíríì kan ṣoṣo tó yí padà.

Ara páálí máíkírósíkóòpù ni ẹ̀tàn wà. Èyí tí owó rẹ̀ jẹ́ 30 sí 50 dọ́là ni wọ́n sábà ń kọ ìlọ́po 1,000 sí lára. Ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ ló ń bá wọn sọ ọ́ di 1,000. Gíláàsì inú rẹ̀ kì í sábà ju ìlọ́po 200 lọ. Ìlọ́po náà kọ́ ló sì ń dá wa dúró. Bí ẹsẹ̀ rọ́bà tó gbé e ró bá ń gbọ̀n, tí a gbọ́dọ̀ fi ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́rẹ́ kó tó ríran, fọ́tò ò ní mọ́lẹ̀, ìlà tí a bá fà ò sì ní jóòótọ́. Dino-Lite tí wọ́n ń ṣe ní Taiwan ní àwọn tó lè jìnnà díẹ̀ sí abẹ́rẹ́ kí wọ́n ṣì rí i kedere, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni wọ́n ń gbà. Bó bá jẹ́ 100 dọ́là ló wà lọ́wọ́ mi, 40 ni mo máa fi ra máíkírósíkóòpù, ẹsẹ̀ irin tó lágbára ni mo máa fi ìyókù rà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló nílò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó, bíi ti kátírììjì (ilé abẹ́rẹ́) AT-VM95C, kò bìkítà fún dígíríì. Apá ẹ̀rọ tí kò ṣeé gbé sókè ńkọ́? Kí la fẹ́ fi fọ́tò ṣe? Òṣùwọ̀n kékeré tó ń fi hàn bóyá abẹ́rẹ́ wúwo ju gíráàmù 2 lọ kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni bébà tí a ya ìwọ̀n sí, tó ń fi ibi méjì tí kátírììjì ti gbọ́dọ̀ tọ́ hàn, ọ̀kan ní mílímítà 66 sí àárín àwo, èkejì ní 121. Ẹni tí kò tíì ní méjèèjì yìí, tó ń wá máíkírósíkóòpù kiri, ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ní tiwa nílé, owó náà ti di nǹkan mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là ń lọ ní nǹkan bí 460 náírà lọ́jà ìjọba; máíkírósíkóòpù 40 dọ́là kò tó 20,000 náírà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dọ́là kọjá 1,500, ohun kan náà sì di 60,000, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí jẹ́ 70,000. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kó gbé owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti oṣù kan kalẹ̀ nítorí dígíríì kan.

Àmọ́ ohun mìíràn wà tó tó owó ná sí. Lọ́dún 1969, Haruna Ishola olórin àpàlà àti I.K. Dairo olórin jùjú jọ dá Star Records sílẹ̀, ilé iṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Àwo àpàlà àti jùjú ìgbà yẹn ṣì wà nínú àpótí àwọn bàbá wa, púpọ̀ nínú wọn kò sì sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ ń gé poro wọn ní gbogbo ìgbà tí a bá lù wọ́n, ohun tó bá sì gé kò ní padà. Lójú tèmi, àwo wọ̀nyí ló yẹ ká fi ṣírò owó máíkírósíkóòpù. Ẹ jẹ́ kí èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ní àwo ládùúgbò kan dá owó ra ẹyọ kan, kó máa lọ láti ilé dé ilé. Ẹ tan iná sí abẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Dáyámọ́ǹdì tó ṣì dára máa dán ní ojú kan tín-ín-rín; èyí tó ti jẹ máa ní ojú pẹrẹsẹ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí iná yóò máa kọ lára wọn. Bí ẹ bá ti rí méjèèjì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má sì gbé àwo kankan sí i mọ́ títí ẹ ó fi rówó òmíràn.